Ọlọ́pàá, Ẹ Kọ́kọ́ Béèrè: Ta Ló Rán Ẹni Yìí Níṣẹ́?

Ẹ káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ sọ lónìí, àwọn ọlọ́pàá kì í fẹ́ gbọ́ ọ: àyẹ̀wò ọpọlọ. Ẹ̀yin kan ti ń sọ ọ́ lọ́kàn pé, "Wọ́n ti fẹ́ pè mí ní wèrè." Rárá o! Láti 1968 ni ọlọ́pàá Los Angeles ti gba onímọ̀ ìhùwàsí síṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká yára kọjá ti ìdánwò ìgbaniwọṣẹ́. MMPI, ìdánwò oníbéèrè tó ń wo ìwà àti ìlera ọpọlọ, gbajúmọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀dà rẹ̀ ti 2020 ní gbólóhùn 335, ẹ ó máa mú òótọ́ tàbí irọ́. Àwọn kan á wá máa dáhùn bí áńgẹ́lì: wọn ò bínú rí, wọn ò purọ́ rí. Yéè! Ìdánwò náà ní òṣùwọ̀n tó ń dọdẹ irú wọn. Ẹ sọ òótọ́, ó tán.

Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣì í gan-an rèé. Iṣẹ́ méjì ni! Ẹni tó ń yẹ̀ yín wò bóyá ẹ lè máa gbé ìbọn ṣiṣẹ́, iléeṣẹ́ yín ló máa jábọ̀ fún. Ẹni tó ń gbà yín nímọ̀ràn, ẹ̀yin ló ń ṣiṣẹ́ fún.

Mo ta ọkọ̀ kan rí. Ẹni tó fẹ́ rà á mú mẹkáníìkì tirẹ̀ dání. Èmi ọlọ́yàyà, mo jókòó tì í, mo ń ro gbogbo àìsàn ọkọ̀ fún un bí ẹni pé mẹkáníìkì mi ni. Ojú mi báyìí ni owó ọkọ̀ ṣe já wálẹ̀! Ọkùnrin yẹn ò ṣẹ̀ mí o. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló jẹ́.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó lanu, ẹ bi onímọ̀ ìhùwàsí náà pé: TA LẸ Ń ṢIṢẸ́ FÚN? TA LÓ MÁA KA OHUN TẸ́ Ẹ Ń KỌ YẸN? Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó jókòó o! Lọ́dọ̀ olùgbaninímọ̀ràn, àṣírí yín wà ní ìpamọ́, àfi bí ẹ bá fẹ́ ṣe ara yín tàbí ẹlòmíì léṣe, tàbí ohun mìíràn tí òfin ibi tẹ́ ẹ wà bá yọ sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ burúkú, oorun lè dàrú fọ́jọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n tó bá lé lóṣù kan tí ìran yẹn ṣì ń padà wá, tí ìró ilẹ̀kùn ń mú yín fò sókè, ẹ gbéra fúnra yín lọ sọ́dọ̀ olùgbaninímọ̀ràn. Ẹ má dúró de lẹ́tà ọ̀gá tó máa pè yín fún àyẹ̀wò. Ibi tí lẹ́tà yẹn ń darí yín sí, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì oníbàárà ni.