Ọlọ́run Kì í Ṣe Méruwà

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa. Ẹ sì kú ooru àná o, torí níbi tiwa ní Mararaba nítòsí Àbújá níbí, kò síná, fáànù ò yí, èèyàn kàn ń yí gbiri lórí ẹní títí ilẹ̀ fi mọ́ ni. Síbẹ̀ a jí. Ògo ni f'Ọlọ́run.

Ọ̀rọ̀ kan ló ń dùn mí láti Sọ́ńdè. Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ní òun ò lójú àdúrà mọ́. Mo ní kí ló dé? Ó ní ó ti pẹ́ tóun ti san ìdámẹ́wàá gbẹ̀yìn, ìṣọ́ òru òun ò lè lọ, ààwẹ̀ ò ṣeé gbà, torí ilẹ̀ ò tíì mọ́ lòun ti ń jáde lọ síbi iṣẹ́ ní Wuse nítorí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Nyanya, kóun sì tó padà délé lálẹ́ ara ti kú. Ó ní, "Ọwọ́ òfo yìí náà ni kí n gbé lọ bá Ọlọ́run?"

Háà! Ta ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé lápá ibí, ẹ mọ àwọn méruwà, àwọn tó ń ta omi kiri. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn báyìí tí kànga ti gbẹ, tí lánlọ́ọ̀dù ò sì tan jẹnẹrétọ̀ láti fa omi bọ́ọ̀hóòlù, àwọn là ń retí. Wàá máa gbọ́ ìró ọmọlanke wọn bọ̀ látòkèèrè, kẹ́ẹ̀gì tò lé e lórí. Mi ò bú wọn o, iṣẹ́ wọn le, òógùn ojú wọn ni wọ́n ń jẹ. Ṣùgbọ́n kó tó já kẹ́ẹ̀gì kan péré sílẹ̀, "Ina kudi?", ìyẹn "Owó dà?" lédè Haúsá, ló máa kọ́kọ́ bi ẹ́. Tó o bá ti jẹ ẹ́ ní gbèsè, á ti ọmọlanke ẹ̀ kọjá lẹ́nu ọ̀nà ẹ bí ẹni tí ò rí ẹ, kí òùngbẹ máa gbẹ ọmọ nínú ilé, ìyẹn ò kàn án. Tó bá sì rí i pé gbogbo àdúgbò ti gbẹ, á fowó lé e.

Bá a ṣe ya Ọlọ́run sọ́kàn nìyẹn gẹ́lẹ́! A rò pé ó ń ti ìbùkún kiri, pé ọwọ́ wa ló ń wò kó tó dúró, pé gbèsè tá a jẹ ẹ́ ló jẹ́ kó kọjá ilé wa. (Àwọn pásítọ̀ kan náà lọ́wọ́ sí i, ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀ láàárọ̀ yìí.) Irọ́ ni o.

Ẹ wo Hágárì nínú Jẹ́nẹ́sísì 21. Ẹrúbìnrin ará Íjíbítì, wọ́n lé e jáde tọmọ-tọmọ, omi tí wọ́n fún un tán láginjù Beerṣeba. Ó gbé ọmọ sábẹ́ igi, ó lọ jókòó lọ́ọ̀ọ́kán kójú òun má bàa rí ikú ọmọ, ó bú sẹ́kún. Kò rú ẹbọ, kò jẹ́jẹ̀ẹ́, ẹkún lásán ló ní. Ọlọ́run gbọ́ ohùn ọmọ yẹn, ańgẹ́lì ké sí ìyá lórúkọ látọ̀run pé kí ló ṣe ọ́, Hágárì? Ọlọ́run là á lójú, ó rí kànga. Kànga o, kì í ṣe kẹ́ẹ̀gì kan! Róòmù 5:8 náà sì sọ ọ́ kedere, ìgbà tá a ṣì jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ ni Kristi kú fún wa, a ò tíì ronú pìwà dà nígbà yẹn rárá.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà. Ẹni tó bá wà nínú mọ́tò gbà á sínú, dẹ́rẹ́bà má dijú o!

Bàbá, a dúpẹ́ pé o ti fẹ́ wa ká tó mọ orúkọ rẹ.

Bàbá mi, ẹni tójú ń tì láti pè ọ́ láàárọ̀ yìí, ìwọ fúnra ẹ pè é lórúkọ. Nu omijé ojú ẹ̀. Jẹ́ kó mọ̀ pé òun ò tíì sú ọ.

Olúwa, là mí lójú! Kànga tó wà nítòsí mi tí ẹkún ò jẹ́ kí n rí, là mí lójú kí n rí i, kí n mu, kí tẹbí-tará mu níbẹ̀!

Ọmọ tí mo ti gbé sábẹ́ igi pé kó máa kú lọ, iṣẹ́ mi, ìlera mi, ilé ọkọ mi, ilé aya mi, gbọ́ ohùn Olúwa, dìde!

Gbogbo ohùn tó ń ka gbèsè mi sí mi létí lóru, ẹ̀jẹ̀ Jésù ti san án, panu mọ́! Mo ní panu mọ́! Ìwé ẹ̀sùn tó wà lọ́wọ́ ẹ, kó fà ya, kó jóná, kó má ṣeé kà mọ́ láéláé!

Ìwọ Ọlọ́run tó rí Hágárì, rí àwọn tí wọ́n lé kúrò lóko baba wọn ní Benue àti Plateau, tí wọ́n ń sun inú àgọ́. Rí àwọn tó wà lọ́wọ́ ajínigbé nínú igbó. Wọ inú igbó yẹn lọ lónìí, Olúwa! Tú okùn ọwọ́ wọn, fọ́ ojú ọ̀tá, mú wọn délé láàyè, kí ìyá wọn jókòó tì wọ́n, kó máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń jẹun. Lórúkọ Jésù! Àmín! Àmín! Àmín o!