Ka Ìwé Rẹ Kí Wọ́n Tó Ní Kí O Kà Á

Bismillāhi-r-Rahmāni-r-Rahīm. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó fi gègé kọ́ ọmọ ènìyàn ní ohun tí kò mọ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, as-salāmu alaykum wa rahmatullāhi wa barakātuh. Ẹ kú ọjọ́ Jímọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti ka Sūratul-Kahf láàárọ̀ yìí, àwọn mìíràn yóò sì kà á kí oòrùn tó wọ̀. Bí ẹ bá dé āyah 49, mo bẹ̀ yín, ẹ má sáré kọjá. Ibẹ̀ ni Ọlọ́hun ti sọ pé wọn yóò gbé ìwé kalẹ̀, ẹ ó sì rí àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ tí ẹ̀rù ohun tó wà nínú rẹ̀ ń bà. Wọn yóò máa ké pé: "Ègbé wa o! Irú ìwé wo rèé, tí kò fo ohun kékeré, tí kò fo ohun ńlá, àfi kó kà á pátá?" Wọn yóò bá gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ wọn níbẹ̀. Olúwa rẹ kò sì ní ṣàbòsí sí ẹnì kankan.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù níbẹ̀ ni pé ìwé náà yà wọ́n lẹ́nu. Àwọn fúnra wọn ló ṣe iṣẹ́ náà. Ẹnu wọn ló sọ ọ́, ẹsẹ̀ wọn ló rìn ín, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n kà á sí wọn létí, ó dà bíi pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń sọ nípa rẹ̀. Ènìyàn lè fi ọgọ́ta ọdún gbé inú ara rẹ̀ láì mọ irú ẹni tó ń bá gbé. Ní Sūratul-Isrā', āyah 14, ohun tí wọn yóò sì sọ fún olúkálukú wa lọ́jọ́ náà ni pé: "Ka ìwé rẹ. Ìwọ alára ti tó láti ṣe ìṣirò ara rẹ lónìí."

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò ju pé kí a bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé náà láti ìsinsìnyí. Ra ìwé kékeré kan, ra báírò kan, kí o sì máa kọ ara rẹ sílẹ̀ lálaalẹ́.

Ìyá tó bí mi ta ìrẹsì àti ẹ̀wà lọ́jà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọn ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìwé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, tí wọ́n fi òwú so báírò mọ́, tí wọ́n máa ń gbé kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kóńgò. Ìwé àwìn nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá gba ọjà láì san owó rẹ̀ tán, kó tó yí ẹ̀yìn padà, wọ́n á ti kọ ọ́: Ìyá Ìbejì, kóńgò méjì, ó ku irínwó náírà. Lálẹ́, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, wọ́n á fa àtùpà mọ́ra, wọ́n á máa fi ìka tẹ̀ lé orúkọ kọ̀ọ̀kan. Mo bi wọ́n nígbà kan pé, "Màmá, ṣé ẹ ò lè rántí ni?" Wọ́n ní, "Màá rántí. Ṣùgbọ́n èyí tó bá wù mí ni màá rántí." Wọ́n tún ní àwọn oníbàárà tí àwọn fẹ́ràn kì í jẹ gbèsè nínú orí àwọn, inú ìwé nìkan ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́.

Ó pẹ́ kí n tó mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti jinlẹ̀ tó. Ta ni oníbàárà tí mo fẹ́ràn jù láyé? Èmi náà ni. Nínú orí mi, n kì í jẹ gbèsè.

Āyah tó gùn jù nínú Alukùránì, Sūratul-Baqarah, āyah 282, ọ̀rọ̀ gbèsè ló dá lé. Ọlọ́hun pàṣẹ pé kí a kọ ọ́ sílẹ̀, Ó ní kó má sú wa láti kọ ọ́, ìbáà kéré, ìbáà tóbi. Ó sọ ìdí rẹ̀: èyí ló bá ẹ̀tọ́ mu jù lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, òun ló fẹsẹ̀ ẹ̀rí múlẹ̀ jù, òun ló sì sún mọ́ ọn jù pé kí ẹ má ṣe iyèméjì. Gbèsè tó wà láàárín ẹni méjì nìyẹn o, tí olówó kò ní jẹ́ kí onígbèsè sùn. Ti àárín èmi àti Ẹlẹ́dàá mi ńkọ́, tí kò sí ẹni tó ń wá kan ilẹ̀kùn mi láàárọ̀?

Àwọn aṣíwájú wa fi ọwọ́ tó le mú ọ̀rọ̀ yìí. Umar ọmọ Khattāb, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, ló sọ pé: "Ẹ ṣe ìṣirò ara yín kí wọ́n tó ṣe ìṣirò yín," ó sì ní ìṣirò Ọjọ́ Àjíǹde yóò fúyẹ́ fún ẹni tó bá ti ń ṣe ìṣirò ara rẹ̀ ní ilé ayé. Maymūn ọmọ Mihrān, onímọ̀ kan nínú ìran tó tẹ̀ lé àwọn sàhábà, sọ ọ́ bí oníṣòwò: ó ní ẹrú kan kò lè jẹ́ olùbẹ̀rù Ọlọ́hun títí yóò fi máa yẹ ara rẹ̀ wò bó ṣe ń yẹ ẹni tí wọ́n jọ da owó pọ̀ ṣòwò wò, pé níbo ni oúnjẹ rẹ̀ ti wá, níbo ni aṣọ rẹ̀ ti wá. Tirmidhī, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣàkójọ hádíìsì, ló gba ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì wá. Onímọ̀ kan tún wà ní Bàgídáádì, al-Hārith, tó kú ní ọdún 243 lẹ́yìn Hijira. Ìṣirò ara ẹni ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: al-Muhāsibī ni gbogbo ayé ń pè é títí dòní.

Ṣùgbọ́n Imām al-Ghazālī, tó kú ní ọdún 505 lẹ́yìn Hijira, ìyẹn 1111, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára jù. Ó ní kí ẹni tó ń wá ojú rere Ọlọ́hun ní ìwé àkọsílẹ̀ kan, kí ó kọ ìwà mẹ́wàá tó ń pa ènìyàn run sínú rẹ̀: ahun, ìgbéraga, jíjọra ẹni lójú, ṣekárími, ìlara, ìbínú líle, àjẹjù, ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ara, ìfẹ́ owó àti ìfẹ́ ipò. Kí ó sì kọ mẹ́wàá tó ń gbani là, bíi sùúrù, ọpẹ́ àti àbámọ̀ lórí ẹ̀ṣẹ̀, kí ó máa fi ara rẹ̀ wé e lójoojúmọ́. Bí ìwà búburú kan bá ti kúrò lára rẹ̀, kí ó fa ìlà lé e nínú ìwé náà, kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun, kí ó tó kọjú sí òmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìyẹn kà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní kí a mú wọn. Àwa a máa jẹ́jẹ̀ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo nínú Ramadan pé gbogbo ìwà wa yóò yí padà, tí Sháwálì bá sì dé, a ò ní rántí èyí tí a kọ́kọ́ dárúkọ.

Yorùbá ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rí ìpàkọ́ tèmi.

Mo mọ ara mi sí ẹni tí kì í tètè bínú. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún ènìyàn nìyẹn, mo sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ní oṣù Rajab kan, mo ra ìwé àwọn ọmọ iléèwé, mo ní lálaalẹ́ lẹ́yìn Ìṣáì, kí n tó fọwọ́ kan fóònù, màá kọ iye ìgbà tí mo jágbe mọ́ ará ilé mi lọ́jọ́ náà. Alẹ́ àkọ́kọ́, mẹ́ta. Mo ní ọjọ́ náà ló le. Alẹ́ kejì, méjì. Alẹ́ kẹta, márùn-ún. Tí mo bá ti kọ iye rẹ̀ tán, màá wá kọ "nítorí pé" sí iwájú rẹ̀: nítorí pé ọmọ kò gbọ́ràn, nítorí pé kò síná, nítorí pé ọbẹ̀ jóná. Nígbà tó yá, mo rí i pé "nítorí pé" ti gba ojú ewé ju iṣẹ́ ọwọ́ mi lọ. Ọlọ́hun kúkú ti sọ ọ́ ní Sūratul-Qiyāmah, āyah 14 àti 15, pé ènìyàn jẹ́ ẹlẹ́rìí lórí ara rẹ̀, kódà bó bá kó gbogbo àwáwí rẹ̀ kalẹ̀. Mo bá fa igi lé gbogbo wọn. Láti ọjọ́ náà, ohun tí mo ṣe nìkan ni mo ń kọ, àti ìgbà tí mo ṣe é.

Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo jókòó lẹ́yìn ìrun Alaasari ọjọ́ Jímọ̀, mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojú tì mí. Mo ti ń kọ ìgbà tí mo kí ìrun Àsùbáà sí igun ojú ewé, láì ní in lọ́kàn pé méjèèjì tan mọ́ra. Gbogbo ọjọ́ tí mo jágbe lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún, ọjọ́ tí Àsùbáà bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ni, tí oòrùn ti yọ kí n tó kírun, nítorí fóònù tí mo ń tẹ̀ di òru. Àkọ́bí mi ni mo ti ń bá wí látọjọ́ yìí pé oríkunkun rẹ̀ ló ń mú mi bínú. Oríkunkun ọmọ náà kò yí padà láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Àìkú. Èmi ni mo ń yí padà, òun ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀. Mo pè é lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ní kó má bínú sí mi. Ó wò mí títí, ó ní, "Kí lẹ ṣe, Dádì?"

Kò sí ẹni tó lè sọ èyí fún mi. Ìyàwó mi kò mọ̀ ọ́n, àwọn ọ̀rẹ́ mi kò mọ̀ ọ́n, èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Ní Sūratul-Hashr, āyah 18, Ọlọ́hun ní kí ẹ̀mí kọ̀ọ̀kan wo ohun tó tì síwájú fún ọ̀la. Āyah tó tẹ̀ lé e ní kí a má dà bí àwọn tó gbàgbé Ọlọ́hun, tí Ọlọ́hun sì mú kí wọ́n gbàgbé ara wọn. Ẹ rí i bí Ó ṣe so méjèèjì pọ̀. Àsùbáà tí mo gbàgbé ni kò jẹ́ kí n mọ ara mi mọ́ nígbà tó bá fi di ọ̀sán.

Ẹnì kan lè bèèrè pé ṣé súnnà ni kí ènìyàn máa kọ ọ́ sínú ìwé. Ìṣirò ara ẹni ni wọ́n pa láṣẹ fún wa. Ohun èlò lásán ni ìwé, bíi kóńgò lọ́wọ́ ìyá mi. Bí o bá lè ṣe é láì kọ ọ́, kí Ọlọ́hun gbà á lọ́wọ́ rẹ. Èmi kò lè ṣe é.

Mo fẹ́ kìlọ̀ fún yín gidigidi lórí ọ̀rọ̀ àṣírí. Bukhārī àti Muslim, tí àwọn náà ṣàkójọ hádíìsì, gbà á wá pé Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ pé gbogbo ìjọ òun ni wọn yóò ṣe àmójúkúrò fún, àfi àwọn tó ń ṣí ẹ̀ṣẹ̀ wọn payá: ẹni tó ṣe nǹkan lóru tí Ọlọ́hun sì bò ó láṣìírí, tí ilẹ̀ mọ́ tí ó ní, "Lágbájá, báyìí-báyìí ni mo ṣe lánàá." Nítorí náà, má ṣe ro ẹ̀ṣẹ̀ tó wà láàárín ìwọ àti Ọlọ́hun sínú ìwé ní kúlẹ̀kúlẹ̀. Fi àmì kan tó jẹ́ ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n sí i. Bí o bá ti tọrọ àforíjìn tán, ya ewé náà kí o sun ún. Má gbé e sórí WhatsApp, má fi han ọ̀rẹ́ pé kó wá wo bí o ṣe ń ṣe wàhálà lórí ẹ̀sìn rẹ. Ṣekárími wà nínú ìwà mẹ́wàá tí al-Ghazālī kà sílẹ̀. Bí ọkàn rẹ bá sì ń wúwo bí o ṣe ń kà á, kọ oore Ọlọ́hun mọ́ ọn. Ojú ewé mi kan kò ní ju èyí lọ: "Ara ọmọ ti yá. Òjò rọ̀. Mo rí oúnjẹ jẹ."

Ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn yàtọ̀ o. Ìyẹn, kọ ọ́ kó hàn gbangba, pẹ̀lú orúkọ àti iye owó, sí ibi tí àwọn ọmọ rẹ yóò ti rí i. Abdullāh ọmọ Umar gbà á wá láti ẹnu Ànábì wa pé kò tọ́ fún Mùsùlùmí tó ní ohun tí yóò sọ àsọsílẹ̀ nípa rẹ̀ kí ó sun oorun alẹ́ méjì láìjẹ́ pé àsọsílẹ̀ rẹ̀ ti wà ní kíkọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti gbọ́ ọ, òun kò sun alẹ́ kan rí láìjẹ́ pé tòun wà lọ́dọ̀ òun.

Wákàtí kan wà nínú ọjọ́ òní tí ẹrú kì í tọrọ oore níbẹ̀ kí wọ́n má fún un. Hádíìsì Jābir sọ pé kí a wá a ní ìkẹyìn wákàtí lẹ́yìn Alaasari. Mú ìwé rẹ dání lọ jókòó nígbà náà. Ọ̀pọ̀ wa ni kì í mọ ohun tí a ó tọrọ ju owó àti àlàáfíà lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ti kọ ọ̀sẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ mọ ibi tó ti ń jò gan-an.

Ní tèmi, káfíńtà kan wà ní àdúgbò wa. Mo bú u níwájú àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ nítorí àga tí kò tètè parí, bẹ́ẹ̀, ẹgbàáta náírà owó rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ànábì wa ní kí ẹni tó bá ṣe àbòsí sí ọmọ ìyá rẹ̀, ní ti iyì rẹ̀ tàbí ohunkóhun, lọ tọrọ ìdáríjì lónìí, kó tó di ọjọ́ tí kò ní sí dínárì tàbí dírámù. Ó ti di Jímọ̀ mẹ́ta tí orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé mi tí n kò tíì fa igi lé e. Owó náà wà lápò mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí mọ́sálásí. Bí a bá ti sálámà tán, ibẹ̀ ni mo ń lọ, mo sì ń bẹ Ọlọ́hun kí n bá àwọn ọmọọṣẹ́ náà níbẹ̀.