Bí mo ṣe ń gbé switch tuntun dìde, kí iná tó lọ

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìtòkú ni mo wà, nílùú Abẹ́òkúta, ẹ ó máa gbọ́ ariwo ọjà lẹ́yìn mi. Àwọn tó ń béèrè bí wọ́n ṣe ń gbé switch tuntun dìde, ẹ̀rọ tí a fi ń so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ra, ti pọ̀ jù, mo ní kí n kúkú ṣe é lójú yín. Cisco Catalyst lèyí, oníhò 24. Tí tiyín bá jẹ́ kékeré oníhò márùn-ún tí kì í gba àṣẹ, ẹ fún un níná, ẹ ki wáyà bọ̀ ọ́, ó parí nìyẹn.

Ibi tó máa jókòó sí ṣe pàtàkì. Kì í ṣe ilẹ̀, kì í ṣe abẹ́ tábìlì tí wọ́n á máa fẹsẹ̀ gbá a. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbí, àwọn ojú wínníwínní wọ̀nyí ló fi ń mí. Tí ọyẹ́ bá dé, eruku á dí i, ooru á sì bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ kí iná rẹ̀ gba inú UPS, àpótí oníbátìrì tó ń gbé iná dúró, kọjá. Ẹ̀yin náà mọ bí iná wa ṣe ń ṣe.

Ó ti gba iná, ó ń jí. Iná kékeré tí wọ́n kọ SYST sí yìí ń ṣẹ́jú ní àwọ̀ ewé. Tó bá dúró láì ṣẹ́jú mọ́, ara rẹ̀ yá. Tó bá di àwọ̀ ọsàn, nǹkan ń ṣe é, ẹ gbé e padà fún ẹni tó tà á.

Kó tó jí tán, ẹnìkan bi mí lábẹ́ fídíò tó kọjá pé ṣé wáyà lè dé ilé ẹ̀yìn, 150 mítà síbẹ̀. Rárá o, ẹ̀gbọ́n. 100 mítà ni òpin wáyà yìí. Ẹ gbé switch mìíràn sí àárín ọ̀nà, tàbí kí ẹ lo fiber, wáyà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ránṣẹ́.

Ó yá. Wáyà console rèé, èyí tí a fi ń bá switch sọ̀rọ̀ tààrà, àwọ̀ ojú ọ̀run. Orí kan sí ihò console, orí kejì sí ara laptop. Ẹ ṣí PuTTY, ètò orí laptop tí a ó ti máa tẹ àṣẹ, ẹ mú Serial, ẹ kọ 9600 síbi speed. Ẹ tẹ Enter. Ó máa bi yín bóyá kó máa mú yín lọ́wọ́ lọ nínú ètò àkọ́kọ́. Ẹ dáhùn no. Ọwọ́ ara wa la ó fi ṣe é:

enable
configure terminal
hostname OLUMO-1
enable secret (ẹ fi password tiyín síbẹ̀)
interface vlan 1
ip address 192.168.1.2 255.255.255.0
no shutdown
end

OLUMO-1 ni orúkọ tí mo sọ switch yìí. Router mi, ẹ̀rọ tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé, ń jẹ́ nọ́ńbà 192.168.1.1, ìdí nìyẹn tí mo fi fún switch ní 2 níparí tirẹ̀. Ẹ rí i dájú pé kò sí ẹ̀rọ mìíràn tó ń jẹ́ nọ́ńbà yẹn, àti pé router kò ní fún ẹlòmíràn. Bí méjì bá ń jẹ́ nọ́ńbà kan, ìjà ni.

Ẹ dúró níbí. Gbogbo ohun tí a tẹ̀ yìí, orí omi la kọ ọ́ sí. Iná lọ báyìí, ó ti nù. Mo ṣiṣẹ́ fún ilé ìwé kan rí, switch mẹ́ta, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Gbogbo rẹ̀ ń lọ geere, mo gbowó, mo lọlé. Wọ́n mú iná lóru. Aago méje àárọ̀ ni wọ́n pè mí: kò sí ohun kan tó ṣiṣẹ́. Mi ò fi pamọ́! Ọjọ́ yẹn dùn mí wọra. Nítorí náà, ẹ tẹ èyí kí ẹ tó mu omi pàápàá:

copy running-config startup-config

Ó béèrè orúkọ fáìlì, ẹ tẹ Enter. Ó ní OK. Ó ti wọ inú rẹ̀ báyìí.

Ó ku wáyà. Bí a ṣe ń to àwọn wáyà tín-ín-rín mẹ́jọ inú rẹ̀ lèyí: funfun ọlọ́sàn, ọsàn, funfun eléwé, aró, funfun aláró, ewé, funfun búráùn, búráùn. Ọmọ Ìtòkú ni mí, inú àdìrẹ ni wọ́n bí mi sí, aró kì í ṣì mí lójú. Ipò kẹrin ló wà. Orí kejì náà bákan náà. Kí ẹ tó ki wáyà bọ switch, ẹ lẹ bébà mọ́ orí méjèèjì, ẹ kọ yàrá tó ń lọ síbẹ̀. Orí méjèèjì ni mo wí o! Ẹni tó bá lẹ ẹyọ kan ṣoṣo máa tú gbogbo wáyà lọ́jọ́ tí ọ̀kan bá já.

Mo ti ki ti router bọ̀ ọ́. Ẹ wo iná ihò yẹn: àwọ̀ ọsàn. Ẹ má yọ ọ́! Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fà á yọ, tí wọ́n ń ki òmíràn bọ̀ ọ́. Switch ń wò ó bóyá ọ̀nà náà yí po padà sọ́dọ̀ rẹ̀ ni. Ó ń fi ìṣẹ́jú àáyá 15 gbọ́, ó ń fi 15 kọ́. Ẹ kà á pẹ̀lú mi... ó di ewé. Ẹ rí i? Àwọn kékeré tí kì í gba àṣẹ kì í sábà ṣe irú àyẹ̀wò yìí. Bí ẹnìkan bá ki orí wáyà kan méjèèjì bọ̀ ọ́, gbogbo ilé á dákẹ́.

Ping 192.168.1.1, ìyẹn ni pé à ń pe router wò bóyá ó máa dáhùn. Àmì ìdánudúró kan, àmì ìyanu mẹ́rin: ó dáhùn lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ má bẹ̀rù ti àkọ́kọ́ yẹn, switch ń béèrè ẹni tó ń jẹ́ nọ́ńbà náà ni.

Ìdánwò tó kù rèé. Mo fa iná rẹ̀ yọ. Gbogbo rẹ̀ kú. Mo dá a padà. Ọmọ iṣẹ́ mi, wá gbé fóònù yìí sún mọ́ ojú laptop kí wọ́n lè kà á... ó ń jí... mo tẹ Enter.

OLUMO-1>

Ó wà níbẹ̀.