Ta Ló Ra Dátà? Ohun tí Àwọn Olùkọ́ Girama Ń Sọ nípa Kíkọ́ni Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí wáyé níwájú àwọn olùkọ́ girama ní Ìbàdàn. A dín ìkíni kù. A kò yọ àwọn ẹ̀fẹ̀ kúrò.)

Alága, ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi tí ẹ fi Sátidé yín sílẹ̀, ẹ kú ìjókòó. Wọ́n ní kí n wá sọ ohun tí olùkọ́ girama rò nípa kíkọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ẹnikẹ́ni tó béèrè èrò olùkọ́, ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú: ta ló ra dátà?

Ẹ rántí 2020. Kí oṣù kẹta tó parí, wọ́n ti ti ilé-ẹ̀kọ́ pa káàkiri. Ọjọ́ 30 oṣù náà ni kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá. Ìjọba Ògùn gbé DigiClass, ètò ẹ̀kọ́ orí tẹlifíṣọ̀n, kalẹ̀, olùkọ́ ń dúró níwájú kámẹ́rà OGTV. Èkó gbé ẹ̀kọ́ sórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Èmi kò ní bú ìyẹn, rédíò kì í jẹ dátà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ wà níbí mọ ibi tí iṣẹ́ gan-an ti wáyé. Orí WhatsApp ni. Ọ̀gá kàn ní "ẹ dá gúrúùpù sílẹ̀" ni, olùkọ́ sì dá a sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ara rẹ̀, fóònù ara rẹ̀, owó oṣù ara rẹ̀. Ó ya àwòrán nóòtì, ó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, ó wá ń dúró de ìgbà tí wọ́n máa mú iná wá. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni kíláàsì, àmọ́ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ "Good morning sir" ṣì ń wọlé. Gbogbo wa ti kí ara wa tán, a ò tíì kọ́ nǹkan kan.

Àwọn kan wà, ẹ mọ̀ wọ́n, àwọn tó máa ń ṣèpàdé ẹ̀kọ́ ìgbàlódé ní hòtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá. Wọ́n á ní olùkọ́ kò fẹ́ ìyípadà, pé ẹ̀rù ẹ̀rọ ń bà á. Ẹ̀rù wo? Olùkọ́ tó ń ta aṣọ lórí Facebook lẹ́yìn iṣẹ́, tó ń fi fóònù dá àjọ, òun ni ẹ̀rù fóònù ń bà? Ẹ jọ̀ọ́. Ohun tí àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀ ń wí ni pé àwọn ò lè máa fi owó oṣù ra ohun èlò iṣẹ́ fún ẹni tó gbà wọ́n síṣẹ́. Ta ló rí akọ̀wé báǹkì tó ń ra ìwé ìgbowó fún oníbàárà? Ní oṣù kìíní 2025, NCC, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ fóònù, fún àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù láyè láti fi tó ìdá 50 nínú 100 lé owó tí wọ́n ń gbà. Ẹni tí wọ́n bá ti fi owó dátà kún owó oṣù rẹ̀ láti ìgbà náà, kó nawọ́ sókè. (Ẹ̀rín.) Mo rò bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ará Ọ̀ṣun mọ Ọpọ́n Ìmọ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì ẹ̀kọ́ yẹn, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. 2013 ni Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé e jáde fún àwọn ọmọ girama àgbà. Ìwé kíkà wà nínú rẹ̀, ìbéèrè WAEC àtẹ̀yìnwá wà nínú rẹ̀, ọmọ kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti ṣí wọn. Ẹ lọ bá òṣèlú rẹ̀ jà níta. Pé kí ìwé ṣí láìsí dátà, ọgbọ́n nìyẹn, mo sì ń retí ẹni tó máa tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀, torí kẹ́mísírì ni iṣẹ́ mi. Nínú ìdánwò ọlọ́wọ́-ṣíṣe WAEC, ásíìdì á máa kán láti inú burette, ìyẹn ọ̀pá dígí tó ní ẹnu tí à ń ṣí tí à ń pa dé, methyl orange tó ń fi àwọ̀ sọ ìgbà tí ásíìdì tó á wà nísàlẹ̀, àwọ̀ ìyeyè á fẹ́ yí padà. Ẹ̀kán kan ló máa ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ọmọ tó wo fídíò mọ̀ pé àwọ̀ ń yí. Ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ìgbà tó yẹ kó pa ẹnu burette dé. Ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ 2020 ni WAEC bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ SS3 kan sì wà tí wọn kò fọwọ́ kan burette láti oṣù kẹta títí wọ́n fi pè wọ́n padà. Olùkọ́ Yorùbá kan ní tirẹ̀ sọ fún mi pé ewì tí òun kà ránṣẹ́, àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n ju ti inú kíláàsì lọ, nítorí wọ́n lè tún un gbọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ń bi olùkọ́ pé "ṣé ẹ fẹ́ àbí ẹ kọ̀" kò tíì béèrè nǹkan kan. Kó kọ́kọ́ bi í pé kí ló ń kọ́ wọn.

Ibí ni mo dé tí màmá kan nawọ́ láti ẹ̀yìn. Olùkọ́ ìṣirò ni. Alága ní kó ní sùúrù di ìparí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n gbé màíkì fún un.

"Ẹ ṣeun, sà. Bí wọ́n bá ra dátà fún mi lónìí, mi ò ní fẹ́ ẹ síbẹ̀. Ní kíláàsì, èmi àti àwọn ọmọ ni. Lórí fóònù, bàbá ọmọ ń gbọ́ mi, ìyá rẹ̀ ń gbọ́ mi. Mo ṣi ìṣirò kan sọ, mo tún un sọ lójú ẹsẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ohùn mi ti dé gúrúùpù àwọn òbí, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Kí lẹ rí sí ìyẹn?"

Àtẹ́wọ́ tí wọ́n pa fún un ju tèmi lọ. Mo pa ìwé tí mo kọ wá dé.

Màmá, olùkọ́ nílò ibi tó ti lè ṣìnà kó sì padà láìsí ẹlẹ́rìí. Ọmọ náà nílò rẹ̀. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ jókòó tì kì í béèrè ìbéèrè tó jọ ti òpè, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè yẹn gan-an la fi ń mọ ibi tí ẹ̀kọ́ ti há sí i lọ́rùn. Fóònù yẹn náà, ti ta ni? Ti bàbá ni. Bàbá ń gbé e jáde láàárọ̀, ó ń gbé e wọlé nírọ̀lẹ́. Ìdí tí ìkíni òwúrọ̀ fi ń dé ní aago mẹ́rin nìyẹn, ẹ má pe àwọn ọmọ yẹn ní ọ̀lẹ. Èyí tí àwọn olùkọ́ ọkùnrin ń sọ fún mi ní ìkọ̀kọ̀ tún wà: ọmọbìnrin SS2 kọ̀wé sí olùkọ́ ní aago mẹ́wàá alẹ́ nípa iṣẹ́ àmúrelé. Bó bá dáhùn, ó ti kó sínú ewu. Bí kò bá dáhùn, wọ́n ní kò ṣiṣẹ́. Àwọn onípàdé hòtẹ́ẹ̀lì kò ní èsì kankan fún ìyẹn, nítorí wọn kì í fún ọmọ ní nọ́ńbà wọn.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan dìde pé ṣé òbí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ òun ni? Ó lẹ́tọ̀ọ́, sà. Ìpàdé PTA wà fún un. Ẹ̀yin àti èmi la jọ mọ iye àga tó máa ń ṣófo níbẹ̀.

Alága ti ń fi aago hàn mí. Ọ̀rọ̀ ìdánwò, kíákíá: láti 2015 ni JAMB ti gbé gbogbo UTME, ìdánwò àtiwọ yunifásítì, sórí kọ̀ǹpútà, WAEC náà sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń dá forúkọ sílẹ̀ ní 2024. Ṣíṣe ìdánwò lórí kọ̀ǹpútà kì í ṣe kíkọ́ ẹ̀kọ́ lórí rẹ̀. Ẹni tó ń da méjèèjì pọ̀ ní ọjà tó fẹ́ tà fún yín. Ti àwọn ọmọ adití, tí ohùn tí a gbà sílẹ̀ kò wúlò fún, ó tó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́tọ̀.

Ohun tí ẹ lè gbé lọ síwájú ọ̀gá yín ní Mọ́ńdè nìyí: kí nọ́ńbà gúrúùpù jẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́, kí wọ́n kọ aago tí kíláàsì ń ṣí àti èyí tó ń tì sílẹ̀, kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ lórí rẹ̀, kí òbí tó bá gbé ohùn olùkọ́ kiri wá ṣàlàyé ara rẹ̀ ní ọ́fíìsì. Ti nọ́ńbà ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Owó rẹ̀ kéré, ọ̀gá kò ní rí àwáwí ṣe.