Igba Ojú àti Òpin Ìran

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá wọn sọ ní Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ni mo kọ sílẹ̀ yìí. Mo yọ ibi tí mo ti ń wúkọ́ kúrò. Mo jẹ́ kí àwàdà wà níbẹ̀.)

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti gbé fóònù sókè kí n tó la ẹnu. Ẹ má gbé e sílẹ̀, òun gan-an la wá bá wí. Àkòrí tí wọ́n fún mi gùn bí okùn kànga: rédíò, tẹlifíṣọ̀n, íntánẹ́ẹ̀tì, òkìkí, àti ohun tí àwọn onímọ̀ ti sọ lórí wọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni n ó fi wọ̀ ọ́: gbajúmọ̀.

Ẹ tú u wò. Igba ojú mọ̀ ọ́n. Wọn ò sọ pé ó lówó, wọn ò sọ pé ó jagun, wọn ò sọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Igba ojú ṣáà mọ̀ ọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, òpìtàn ará Amẹ́ríkà kan, Daniel Boorstin, kọ ọ́ pé gbajúmọ̀ òde òní ni ẹni tí wọ́n mọ̀ nítorí pé wọ́n mọ̀ ọ́n. Ayé pàtẹ́wọ́ fún un. Ìyá tó ń ta àkàrà nítòsí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu, ti ń sọ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò sì gba owó ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú ọ̀rọ̀ wa tí kò sí nínú ti Boorstin. Ẹni tó mọ̀wàá hù, tó mọ ènìyàn kí, ni àwọn àgbà ń pè ní gbajúmọ̀. Igba ojú mọ̀ ọ́n nítorí pé òun náà ti kí igba ojú. Ìmọ̀ náà ń lọ, ó ń bọ̀. Ẹni tí kì í kí ènìyàn, ìlú lè mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó, wọn ò ní tìtorí bẹ́ẹ̀ pè é ní gbajúmọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti já. Ìyá tó bí ìyá mi ní rédíò kan tó fi rọ́bà dè láàárín. Bí ẹni tó ń ka ìròyìn bá ti ní, "Ẹ kú alẹ́ o," màmá á gbé igbá tó ń rọ́ nǹkan sí kalẹ̀, á ní, "Oo, ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o." Lálẹ́ ọjọ́ kan, ohùn ẹlòmíràn ló jáde. Ara màmá ò balẹ̀. Ó ní kí n lọ béèrè bóyá ara ọmọ náà ò yá. Níbo ni n ó lọ? Ní 1956, Donald Horton àti Richard Wohl kọ̀wé ní Amẹ́ríkà nípa irú ìbárẹ́ ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ kan báyìí. Màmá mọ onírédíò; onírédíò ò mọ màmá. Igba ojú ń wò, ojú kan ò wo padà.

Àwọn ará Jámánì méjì, Adorno àti Horkheimer, sá fún Hitler dé Amẹ́ríkà. Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1947, wọ́n ní fíìmù àti orin rédíò ti di ọjà ilé-iṣẹ́ bí ọṣẹ: ìdì rẹ̀ ló yàtọ̀ síra, ohun tó wà nínú ìdì, ọ̀kan náà ni. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ẹ wo fíìmù tó ń gba Ìdìròkò wọlé sí wa: ìyàwó, ìyá ọkọ, májèlé nínú ọbẹ̀, pásítọ̀. Wọn ò tíì kọ orúkọ àwọn òṣèré tán tí ẹ ti mọ ẹni tó máa kú. Àmọ́ Adorno kórìíra orin jáàsì débi pé mo fura pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ò mọ ijó. Ọ̀rẹ́ mi ọ̀jọ̀gbọ́n tó jókòó níwájú yìí, tó ń fi Adorno na àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí ẹgba, òun náà kì í jó lóde ìgbéyàwó. (Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun ò rín.)

Ẹni tí mo fẹ́ràn nínú ẹgbẹ́ wọn ni Leo Löwenthal. Ó jókòó ka ìtàn ìgbésí ayé àwọn ènìyàn tí ìwé ìròyìn méjì ń tẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Lójú ìwé àtijọ́, olóṣèlú àti oníṣòwò ńlá ló kún ibẹ̀. Nígbà tó fi di nǹkan bí 1940, òṣèré àti eléré ìdárayá ti gba ibẹ̀, oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ràn àti bí wọ́n ṣe ń najú ni wọ́n sì ń kọ nípa wọn. Ọdún 1944 ló tẹ èyí jáde. Ẹ ṣí fóònù yín, kí ẹ sọ ohun tó yí padà fún mi.

Mo tún ń padà síbi ọ̀rọ̀ mi. Ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran. Gbogbo wa là ń fi í yangàn, àgàgà láti 2001 tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àṣà, ti kéde rẹ̀ fún ayé. Ẹ dákun, ẹ gbọ́ "òpin" yẹn dáadáa. Ẹ̀fẹ̀, akọrin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, á jáde lóru, á júbà àwọn ìyá wa, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bú onígbèsè àti alágbèrè. Ẹni tó ń búni wà láàárín wa, ẹni tí wọ́n ń bú wà láàárín wa, ojú ń wo ojú. Ilẹ̀ á mọ́. Lọ́sàn-án, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ á jó, oníkálukú á gba ilé lọ. Ìran orí fóònù ò ní òwúrọ̀. O fi ìka tì í sókè, òmíràn yọjú.

Wọ́n ti na ìwé sí mi pé ìṣẹ́jú 5 ló kù. Guy Debord, ará Faransé, 1967: ìran ti gba ipò ìgbé ayé. Stuart Hall, ọmọ Jàmáíkà: bí àwọn tó ṣe ètò tẹlifíṣọ̀n ṣe di ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ́ ni ẹni tó ń wò ó ṣe ń tú u. Ẹ lọ kà á. Ti Walter Benjamin, ará Jámánì, ó dọjọ́ mìíràn.

Ìyá kan lẹ́yìn, tó gbé ọmọ-ọmọ sórí ẹsẹ̀, nawọ́.

"Ẹ kú ọ̀rọ̀, bàbá. Ẹ ní Ẹ̀fẹ̀ búni, ilẹ̀ mọ́, ó tán. Ọmọ mi obìnrin bá oníbàárà jà lọ́jà nítorí ẹja. Ẹnìkan fi fóònù ká a sílẹ̀, wọ́n fi orin sí i. Ọdún kẹta rèé. Ó kó lọ sí Àjàṣẹ́, Porto-Novo. Ọjọ́ kejì tó pàtẹ, ọmọdé kan dúró níwájú rẹ̀, ó ní, 'Ìyá ẹlẹ́ja, ẹ bú u bí ẹ ṣe bú u nígbà yẹn.' Igba ojú mọ̀ ọ́n. Ṣé gbajúmọ̀ ni?"

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí Boorstin, mo sì dákẹ́. Gbogbo ìwé tí mo kó wá, ẹni tó fẹ́ kí wọ́n wo òun ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀rẹ́ mi ọ̀jọ̀gbọ́n dìde, ó ní, "Adorno..." Wọ́n ní kó jókòó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ẹ̀fẹ̀ gan-an wà lórí fóònù òun: ẹni tí wọ́n fi gbèsè bú níbẹ̀ ti san án tán, orin náà ṣì ń pè é ní onígbèsè. Mi ò rí èsì fún òun náà.

Mo wá bi ìyá náà léèrè ohun tí ọmọ rẹ̀ máa ń ṣe tí wọ́n bá dá a mọ̀.

"Ó ń kí wọn. Á ní, 'Ẹ káàárọ̀ o, ẹja wà.' Àwọn kan ń rà, àwọn kan ń ká a."