Ìwé Àṣeyọrí Ọdọọdún: Ẹ Jẹ́ Ká Kọ́kọ́ Ka Ìlérí Èṣí

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn aṣojú àdúgbò sọ ní Kabba nìyí. Mo tún un kọ kí ẹni tí kò wá lè rí i kà. Mi ò yọ ìbéèrè tí wọ́n bi mí kúrò, nítorí ìbéèrè kan ló gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ mi.

Bí ọdún bá ń parí lọ, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní ìjọba ìbílẹ̀ á kọ ohun tó ṣe, á sì kọ ohun tó fẹ́ ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. "A tún gọ́tà ṣe." "A pèsè àjẹsára." "A ó ran àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́." Wọ́n kà á tán, a pàtẹ́wọ́, ó parí. Ọ̀kan péré lẹjọ́ tí mo ní: níbo ni ìlérí èṣí wà?

Bí ọkùnrin kan ní Ìjùmú bá sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé igba ebè iṣu lòun máa kọ lọ́dún yìí, tó wá di ìgbà ìwuṣu tó gbé iṣu mẹ́wàá wálé, ṣé ó lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kó ní "mo gbin iṣu"? Ìyàwó á bi í: ebè mélòó lo kọ nínú igba? Kí ló ṣe ìyókù? Ṣé òjò ni ò rọ̀, àbí màlúù ló jẹ ẹ́, àbí o ò tiẹ̀ dé apá ibẹ̀? Èyíkéyìí tó bá jẹ́ nínú ẹ̀, wọ́n á mọ ohun tí wọ́n máa ṣe lẹ́ẹ̀mìíràn. Ohun tí mò ń bẹ káńsù fún kò ju ìyẹn lọ: kí ìlérí èṣí wà lápá òsì, kí iṣẹ́ ọdún yìí wà lápá ọ̀tún, kí ìdí sì wà láàárín.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹ̀ka ìlera. "A ra fìríìjì fún àjẹsára." Fìríìjì dára, nítorí ọ̀pọ̀ jù lọ oògùn àjẹsára kò gbọdọ̀ kúrò láàárín ìwọ̀n òtútù 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n fìríìjì kọ́ ni àṣeyọrí, ọmọ ni. Ọmọ tuntun ń gba abẹ́rẹ́ penta, èyí tó ń dènà àrùn márùn-ún, lẹ́ẹ̀mẹta: nígbà tó bá pé ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, àti ọ̀sẹ̀ 14. Rẹ́jísítà wà níwájú nọ́ọ̀sì ní gbogbo ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Ẹ ka àwọn ọmọ tó gba àkọ́kọ́, ẹ ka àwọn tó padà wá gba ẹ̀kẹta. Àwọn tó já sílẹ̀ láàárín méjèèjì gan-an ni ìròyìn ọdún yẹn. Bóyá ìyá wọn wà lóko ní Bùnú, tí owó ọ̀kadà pọ̀ jù. Bóyá ó dé ibẹ̀, wọ́n ní oògùn ti tán. Bí a bá mọ èwo ni, àfojúsùn ọdún tó ń bọ̀ ti kọ ara rẹ̀ tán.

Mo mọ̀ pé mo pẹ́ níbẹ̀. Mo fẹ́ kó yé wa ni.

Àwọn kan wà tó máa ń sọ pé ìjábọ̀ kò wúlò, pé káńsù kò lówó, pé àpò owó tí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ pa pọ̀ ní lábẹ́ apá 162 ìwé òfin 1999 ló ń gbé owó náà mì. Wàhálà yẹn kì í ṣe irọ́. Òun náà ló fà á tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi pàṣẹ ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Àmọ́ àìlówó kò ní kí ènìyàn má kọ òtítọ́. Kọ ọ́ pé iṣẹ́ márùn-ún la ṣèlérí, owó iṣẹ́ méjì ló dé, oṣù báyìí ló dé. Ẹni tó ní kí a má bèèrè nítorí pé owó kéré, ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tó fẹ́ kó kékeré náà lọ.

Àsìkò ti ń lọ, mo sáré kan ẹ̀ka ọ̀gbìn: ìlérí ajílẹ̀ tí kò ní oṣù lára kì í ṣe ìlérí, nítorí ajílẹ̀ tó dé lẹ́yìn tí àgbàdo ti yọ irùn, ẹ̀yìn oko ló dé. Ẹ̀ka ìṣúná: ẹ ka ìsọ̀ ọjà, kí ẹ tó sọ iye owó ìsọ̀ tó wọlé.

Ibi tí mo dé nìyẹn tí ìyá kan tó ń ta iṣu fi nawọ́ sókè lẹ́yìn.

"Ọmọ mi, kànga ẹ̀rọ ẹ̀yìn ọjà wa, ẹ̀ka iṣẹ́ òde kà á mọ́ tiwọn, ẹ̀ka ìlera kà á mọ́ tiwọn. Látìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sun omi. Ta la máa bi?"

Gbọ̀ngàn dákẹ́. Mo ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé káńsù nìkan ni ẹni tó máa ka ìwé náà wà. Láyé Kabba Province, nígbà ìjọba amúnisìn, òyìnbó máa ń kọ ìjábọ̀ ọdọọdún ránṣẹ́ sí Kàdúná, olú ìlú Àríwá nígbà náà. Àwọn bàbá wa san owó orí, wọn ò rí ìwé náà kà. Ìyá yìí náà kò rí i kà, ẹnu ló fi gbọ́ pé wọ́n ti ka kànga rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ní, "Ìyá, ẹ wá bá wa jókòó níwájú." Mo pa ìyókù ọ̀rọ̀ mi tì. A fa ìlà sórí bébà: kí ni, níbo ló wà, ẹ̀ka wo ló ni ín, ta ló ní kọ́kọ́rọ́, ṣé ó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí a lọ wò ó. Àwọn aṣojú bẹ̀rẹ̀ sí í pe ti wọ́ọ̀dù wọn, wọ́n ń jiyàn, wọ́n ń tún ara wọn ṣe. Ọ̀dọ́ méjì gbà láti kọ lẹ́tà sí káńsù fún ìwé àfojúsùn èṣí. Òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011, tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé ìjọba, fún káńsù ní ọjọ́ 7 láti fèsì, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì là á mọ́lẹ̀ lóṣù kẹrin ọdún 2025 pé òfin náà dé ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀ pẹ̀lú.

Wọ́n ka lẹ́tà náà sókè kí a tó túká. Ìyá ní ó ku ohun kan: kí wọ́n kọ ọ́ sí i pé ọ̀pá kànga náà ló kán, pé òun mọ ẹni tó lè jó o pọ̀.