Alfa Kéwú Tó Kojú Ítálì

As-salaamu alaykum, ẹ̀yin ará mi n'Ílọrin. A kú ìdájí o. Bí a ṣe ń dìde nídìí ìrun Àsùbá yìí, ọ̀rọ̀ Omar al-Mukhtar ni ẹ jẹ́ ká fi gba ara wa níyànjú.

Alfa kéwú ni. Iṣẹ́ tí àwọn bàbá wa ń ṣe ní Òkèlele àti Pákátà, kí ọmọ gbé wàláà sórí itan, kí wọ́n máa kà á sí i létí, òun ló ń ṣe ní ìlà oòrùn Líbíà kí Ítálì tó gba orí omi kógun wọlé lọ́dún 1911. Kì í ṣe ọmọdé mọ́ nígbà náà. Síbẹ̀, ogún ọdún ló fi bá wọn jà lórí ẹṣin, nínú òkè Jabal al-Akhdar. Nígbà tí apá ò ká a, Graziani, ọ̀gágun Ítálì, kó nǹkan bíi 100,000 èèyàn sínú àgọ́ onwáyà ẹlẹ́gùn-ún, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé oúnjẹ fún un. Ebi àti àìsàn pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún níbẹ̀.

Lọ́dún 1930, awò ojú rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá lójú ìjà. Èyí ló wọ̀ mí lára jù: arúgbó tó nílò awò kó tó lè ka Àlùkùránì, orí ẹṣin ló ṣì wà! Ọdún kejì ni wọ́n mú un. Ní September 16, 1931, wọ́n yẹgi fún un ní Suluq, lójú àwọn èèyàn rẹ̀ gan-an.

Ìwọ tí o ní ọjọ́ ti lọ lórí rẹ, ìwọ Alfa tí wọ́n ń fojú tín-ín-rín, ṣé o gbọ́? Ọlọ́hun ní kí á fún àwọn onísùúrù ní ìró ìdùnnú, àwọn tí àdánwò bá kàn, tí wọ́n ń sọ pé: Ti Ọlọ́hun ni wá, ọ̀dọ̀ Rẹ̀ la ó padà sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣàdúà.

Yá Ọlọ́hun, forí jin Omar al-Mukhtar, kí O fi Àlùjánnà kẹ́ ẹ. Àmín.

Forí jin àwọn bàbá wa tí ìbọn Kọ́ńpìnnì Royal Niger, ilé iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, pa n'Ílọrin lọ́dún 1897. Àmín.

Àwọn tó ń kọ́ ọmọ wa ní kéwú láìgba owó tó nǹkan, Ọlọ́hun, bá wa san án fún wọn. Àmín.

Ẹni tí wọ́n ń ni lára lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ láàárọ̀ yìí, gbà á sílẹ̀. Àmín.

Olúwa wa, tú sùúrù lé wa lórí, kí O sì fẹsẹ̀ wa rinlẹ̀. Àmín, yá Robbal-ààlamíìn.